Ẹ̀pà yíyan àti ẹ̀pà tútù: kí ló dé tí òróró ọ̀kan tètè bàjẹ́?

Àbẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òróró ẹ̀pà ni mo ń fún tà ní Ṣàgámù níbí. Iṣẹ́ náà kò tíì tóbi, àmọ́ òun ni mo fi ń gbọ́ bùkátà. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo ra àpò ẹ̀pà kan ní Sábó, mo dá a sí méjì. Apá kan, mo kàn sá a sóòrùn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ó sì fún un ní tútù. Apá kejì, mo yan án nínú agbada pẹ̀lú yanrìn bí màmá mi ṣe máa ń ṣe é, kí n tó gbé e lọ.

Òróró tútù yẹn mọ́ gaara, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan. Ti ẹ̀pà yíyan pọ́n bí oyin, gbogbo yàrá ló ń ta sánsán. Irú ìgò kan náà ni mo rọ wọ́n sí, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú fèrèsé. Àná ni mo ṣí wọn. Èyí tí mi ò yan ti ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Mo fi kan ahọ́n, ó ta mí lọ́fun. Èyí tí mo yan ṣì ń run ẹ̀pà, kò yí padà.

Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni pé ẹlẹ́rọ mi ti sọ fún mi pé iná ló ń pa ohun rere inú òróró, kí n yé yan án. Oníbàárà mi kan náà ní tútù lòun ń fẹ́. Màmá mi ní látìgbà tóun ti dáyé, òun ò rí ẹni tó ń fún ẹ̀pà láìyan án. Mo sì tún ṣàkíyèsí pé apá tí mo yan mú òróró jáde ju èkejì lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là á yé mi. Owó mi ló wà níbẹ̀.


Ẹlẹ́rọ_Ìjẹ̀búIgbó
Ọjọ́ Ajé, 8:41 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ fún òróró. Ọ̀rọ̀ iye tó jáde ni mo máa dáhùn, torí òun ni ojú mi ń rí lójoojúmọ́.

Òróró inú hóró ẹ̀pà ò dá wà bí omi inú ìkòkò. Ó há sínú àwọn ilé tíntìntín, purotéènì sì bò ó mọ́lẹ̀ yíká. Bí iná bá kàn án, ara ilé náà á sán, purotéènì á dì bí ẹyin tí a sè, òróró tó fọ́n ká á wá rìn bá ara wọn. Òróró gbígbóná sì máa ń ṣàn ju èyí tó tutù lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà yíyan fi máa ń sun òróró bí ẹ̀rọ bá ti gbá a mú, tí ti tútù á máa ṣagídí. Ẹ̀pà tó dáa, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni òróró. Èyí tí ẹ ò rí gbà, inú ìṣẹ́kù ló bá lọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Bí ẹ bá yan án gbẹ táútáú kọjá ààlà, ìyẹ̀fun ló máa dà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìṣẹ́kù rẹ̀ ò ní lẹ̀ mọ́ra mọ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, èéfín á máa yọ níbi tí òróró ti ń jáde. Òróró yẹn á dúdú, á sì korò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ padà fún olówó rẹ̀ lọ́dún yìí.


ỌmọRẹ́mọ_Ìlíṣàn
Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Mi ò fara mọ́ yíyan rárá. Èmi ni irú oníbàárà tí Àbẹ̀kẹ́ ń sọ. Tí mo bá fẹ́ ra òróró, mo máa ń béèrè bóyá iná ti kàn án, torí mo mọ̀ pé fítámì E inú rẹ̀ kì í lè fara da ooru. Lókè òkun, òróró tí wọ́n fún láìfi iná kàn ló wọ́n jù lórí àtẹ, wọn ò sì ṣèèṣì fi owó yẹn lé e. Ẹ tún wo òróró dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà wa. Èéfín ló kún inú rẹ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ohun tó jóná máa ń fa jẹjẹrẹ ni?

Àbẹ̀kẹ́, ó ṣeé ṣe kí òróró tútù yín bàjẹ́ nítorí nǹkan mìíràn. Ẹ má tíì torí ìgò kan padà sídìí agbada.


Àbẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo kọ́ o, ìgò mẹ́fà ni. Gbogbo wọn ló yí padà.


Kẹ́mísìrì_ÀgọÌwòyè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì, ọ̀rọ̀ yìí sì wù mí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọ̀tá méjì ló ń ba òróró jẹ́: omi àti afẹ́fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo epo pupa. Gbogbo ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ ṣe epo rí ló mọ̀ pé ẹyìn tó fara gbọgbẹ́, tí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún láìsè, epo rẹ̀ máa ń kan. Ohun tó fà á ni ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní lipase. Bó bá ti rí omi, á máa gé òróró sí wẹ́wẹ́, ásíìdì á sì máa já kúrò lára rẹ̀. Ásíìdì yẹn wà lára ohun tó ń ta ọ̀fun. Bí a bá tètè se ẹyìn, a ti pa lipase nìyẹn. Ẹ̀pà, yànmọ̀tí, ẹ̀gúsí, gbogbo wọn ló ní tiwọn nínú, ibi tí a sì ti ń pa á ni inú agbada.

Òmíràn ń jẹ́ lipoxygenase. Òun ló máa ń bá afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ tí òróró fi ń run bí ọ̀dà. Bí ẹ bá lọ ẹ̀pà tútù, tí ẹ fọ́ ọ, ńṣe lẹ tú u sílẹ̀ láti bá òróró pàdé. Iná máa ń pa òun náà. Torí náà ohun tí Àbẹ̀kẹ́ rí nínú ìgò mẹ́fà yẹn kò yà mí lẹ́nu.

Ẹ wá wo àwọ̀ oyin yẹn. Bí ṣúgà inú hóró bá pàdé purotéènì lórí iná, àwọn méjèèjì á yí padà, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì máa ta sánsán. Dókítà ará Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1912. Òun náà ló ń mú kí ẹ̀yìn búrẹ́dì pọ́n. Díẹ̀ lára ohun tó ń tibẹ̀ jáde máa ń wọ inú òróró lọ, wọ́n sì máa ń gba ìjà afẹ́fẹ́ jà fún un. Ẹ ò rí i pé òróró tó pọ́n díẹ̀ lè pẹ́ ju èyí tó mọ́ gaara lọ.

Yànmọ̀tí ló fi èyí hàn jù lọ. Ohun kan tó ń jẹ́ sesamolin wà nínú rẹ̀. Bí iná bá kàn án, á di sesamol, ohun kékeré tó lágbára gidi láti má jẹ́ kí òróró bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí òróró yànmọ̀tí yíyan tí wọ́n ń lò ní Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáànù fi ń pẹ́ kó tó yí padà. Wọ́n máa ń yan án ní bí 180 sí 200 dígírì. Rapeseed, irúgbìn olóròóró kan tí wọ́n ń gbìn ní Kánádà àti Yúróòpù, náà ń ṣe irú rẹ̀: sinapic acid inú rẹ̀ ló máa ń di canolol lórí iná.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Rẹ́mọ kì í ṣe irọ́ o. Iná tó pẹ́ tàbí tó le jù máa ń jẹ fítámì E. Bí ẹ bá yan án níwọ̀n, èyí tó máa ṣòfò kì í pọ̀, torí hóró tó ti là máa ń jẹ́ kí fítámì náà rí ọ̀nà bọ́ sínú òróró. Ibi tí iná ti le jù yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà.


ÌyáAládìn_Òdógbólú
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:37 ọ̀sán

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Àdín ni mo ń ṣe ní Òdógbólú, ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin ń pè é ní yíyan, àwa ń pè é ní dídín.

Tísà sọ ọ́ dáa. Àmọ́ iná nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Bí a bá pa èkùrọ́ tán, omi amọ̀ ni a máa ń kó o sí, hóró á léfòó, èèpo líle rẹ̀ á rì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fọ amọ̀ yẹn kúrò, wọn kì í sì í sá a gbẹ. Èmi máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì máa ń sá a títí á fi máa dún wọ́rọ́wọ́rọ́ bí mo bá gbọ̀n ọ́n nínú igbá. Èyí tó bá ti bu, mo ń ṣà á sọnù. Mi ò kì í kó o mọ́ ire.

Ìkòkò amọ̀ ni ìyá mi ń lò, agbada irin ni tèmi. Iná rẹ̀ ò gbọdọ̀ le. Bí mo bá ti da èkùrọ́ sí i, orógùn ò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ooru omi ló máa jáde, tí yóò máa mú ojú làágùn. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà, inú rẹ̀ tó funfun á máa pọ́n, òróró á sì máa yọ lára rẹ̀, tí hóró kọ̀ọ̀kan á máa dán bí ara ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Ó máa hó, ìfófòó á pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ máa tẹ́tí sí i. Bí ìfófòó bá lọ sílẹ̀, tí ariwo agbada sì rọlẹ̀, omi ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń fa igi iná jáde.

Ẹni tí kò bá fa igi jáde níbẹ̀, èéfín tó ń ta ojú ló máa tẹ̀ lé e. Àdín rẹ̀ á dúdú kirikiri bí ọ́ìlì mọ́tò, òórùn jíjóná yẹn ò sì ní kúrò lára rẹ̀ láéláé. Àwọn kan ti kọ́ àwọn oníbàárà pé bó bá ṣe dúdú tó ló ṣe jẹ́ ojúlówó tó. Ó máa ń dùn mí. Àdín tèmi pọ́n bí obì tó ti gbó ni, bí ẹ bá gbé e sókè sí oòrùn ẹ máa rí ìka yín ní òdìkejì ìgò.


Olọ́ṣẹ_Ìkẹ́nnẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:02 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọwọ́ yín á máa mókè. Mo ń ṣe ọṣẹ àti ìpara, méjèèjì ni mo sì ń rà, èyí tí a dín àti èyí tí ẹ̀rọ fún ní tútù. Fún ọṣẹ funfun, mi ò lè lo èyí tí a dín, àwọ̀ rẹ̀ máa ń hàn. Fún irun, òun gan-an làwọn oníbàárà mi ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ tísà ni pé àdín tútù tí mo rà lẹ́ẹ̀kan, kò run bí ọ̀dà bíi ti Àbẹ̀kẹ́. Òórùn ọṣẹ ló ń rùn, kó tó di pé mo fi ṣe ọṣẹ rárá. Kí ló fa ìyẹn?


Kẹ́mísìrì_ÀgọÌwòyè
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ìbéèrè yín gún régé, Àǹtí. Òróró ò rí bákan náà. Nínú àdín, irú ọ̀rá kan tó ń jẹ́ lauric acid nìkan sún mọ́ ìdajì, nǹkan bí 48 nínú 100. Bí ẹ bá da gbogbo irú ọ̀rá tó jọ ọ́ pọ̀, èyí tí afẹ́fẹ́ ò rí ibi gbá mú lára rẹ̀, ó lé ní 80 nínú 100. Torí náà, afẹ́fẹ́ kì í tètè rí àdín ṣe. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Bí hóró bá ní ọ̀rinrin, lipase á gé lauric acid náà sílẹ̀, òórùn ọṣẹ sì ni tirẹ̀ máa ń jọ. Èkùrọ́ tí wọn ò sá gbẹ dáadáa lẹ́yìn omi amọ̀ ni mo fura sí. Màmá ti sọ ọ́ kí n tó dé.

Ẹ̀gúsí àti sóyà ni òdìkejì rẹ̀. Ju ìdajì òróró inú wọn lọ ni linoleic acid, sóyà tún ní linolenic díẹ̀, àwọn yìí sì ni afẹ́fẹ́ ń yára jẹ jù. Ẹ̀pà wà láàárín. Ẹ má ṣe wá fi iná yànmọ̀tí yan ẹ̀gúsí. Fún ẹ̀pà, 140 sí 160 dígírì máa ń tó.

Ní ti jẹjẹrẹ tí ọmọ Rẹ́mọ dárúkọ, ó yẹ ká mú un ní òkúnkúndùn. Ohun kan wà tó ń jẹ́ benzo(a)pyrene. Ó máa ń jáde bí hóró bá jóná, tàbí bí èéfín igi bá ń fẹ́ sí i lára. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ní Yúróòpù, òfin wọn ni pé kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 2 lọ nínú kílò kan òróró tí ènìyàn máa jẹ. Ojú ò lè rí i, imú ò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n imú lè gbọ́ èéfín. Agbada tó wà lórí iná igi gbọ́dọ̀ ní ògiri tí yóò darí èéfín gba ẹ̀yìn lọ, kó má bàa máa bo ohun tí ẹ ń yan. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ lo gáàsì.


Alájàpá_Sábó
Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìjẹta, mo ní láti sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń kó o wá láti òkè ọya, mo sì máa ń rí yànmọ̀tí tó ti Jìgáwá àti Násáráwá wá. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa iná dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí.

Bí ẹ̀pà bá ti bu nínú ọkọ̀ nítorí òjò, iye rẹ̀ máa ń já wálẹ̀. Àwọn kan wà tí ìyẹn gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n á rà á, wọ́n á yan án kó pọ́n dáadáa, òórùn yíyan á bo òórùn bíbu, wọ́n á fún un. Mo ti bá ẹnì kan jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní iná ti pa gbogbo rẹ̀. Tísà, ẹ bá wa dá sí i, ṣé iná lè pa á?


Kẹ́mísìrì_ÀgọÌwòyè
Ọjọ́rú, 7:55 àárọ̀

Rárá o! Oró tí èyí tó bu máa ń fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló máa ń bá jà. Yíyan lè dín in kù, kò lè mú un kúrò tán. Bí wọ́n bá sì ti fún ẹ̀pà náà, inú ìṣẹ́kù ni èyí tó pọ̀ jù nínú oró yẹn máa ń dúró sí. Ìṣẹ́kù yẹn ni wọ́n fi ń ṣe kúlíkúlí táwọn ọmọ wa ń jẹ, òun náà ni wọ́n ń fún adìyẹ. Òróró tí wọn ò sẹ́ dáadáa náà lè kó díẹ̀ dání.

Ásíìdì tó ti já kúrò lára òróró kí hóró tó dé agbada náà, iná ò lè so ó padà. Inú àpò ni òróró rere ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Alájàpá, ẹ ṣeun tí ẹ bá onítọ̀hún jà.


ỌmọRẹ́mọ_Ìlíṣàn
Ọjọ́rú, 12:26 ọ̀sán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá Aládìn, ọ̀rọ̀ ìfófòó yẹn wọ̀ mí lára, èmi rò pé ńṣe ni wọ́n kàn ń jó èkùrọ́ títí á fi ṣàn.

Mo gbà pé yíyan níwọ̀n kì í ṣe ohun tí mo rò. Síbẹ̀, mi ò tíì fi òróró tútù sílẹ̀. Bí hóró bá mọ́, tó gbẹ, tí wọ́n fún un lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n fọ́ ọ, tí mo sì jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù kan, kò sí ohun tó ní kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Adùn rẹ̀ fúyẹ́, ó bá sàláàdì mu. Àbẹ̀kẹ́, ẹ lè máa ṣe díẹ̀ fún irú wa, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fún un sí i lára.


Ẹlẹ́rọ_Ìjẹ̀búIgbó
Ọjọ́rú, 1:15 ọ̀sán

Ọmọ Rẹ́mọ, ìyẹn ṣeé gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tútù, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́rọ fún un tẹ̀ lé ẹrù ẹlòmíràn láìnu ẹnu ẹ̀rọ. Ìṣẹ́kù àná tó há síbẹ̀ ti ń kan, á kó bá ti yín. Ẹ béèrè, kí ẹ dúró tì í. Kò gbọdọ̀ bínú.

Nǹkan kan tún wà. Ẹ̀pà tí ẹ ti yan, ẹ má gbé e sílé di ọ̀la. Mo ń rí àwọn tó ń yan án lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ń gbé e wá lọ́jọ́ Ajé. Ara hóró ti là, afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé.


Àbẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo padà lọ bi ara mi léèrè, mo rí àṣìṣe mi. Apá tí mo fún ní tútù, òjò ká a mọ́ ibi tí mo sá a sí lọ́jọ́ kejì. Mo tún un sá fún wákàtí mélòó kan, mo rò pé ó ti gbẹ. Mi ò já a wò. Ojú fèrèsé tí mo tò wọ́n sí náà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé síbẹ̀, ìgò funfun sì ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, mi ò tíì lè sọ pé àìyan nìkan ló bà á jẹ́. Mo máa tún un ṣe. Àpò tuntun, ẹ̀pà kan náà, mo máa pín in sí mẹ́ta. Màá fún ọ̀kan ní tútù lẹ́yìn tó bá gbẹ dáadáa. Màá yan ìkejì kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìkẹta, màá yan án kó dúdú díẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é lọ́jà. Màá fi wọ́n sínú òkùnkùn. Màá padà wá jábọ̀.


Kẹ́mísìrì_ÀgọÌwòyè
Ọjọ́rú, 10:04 alẹ́

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ rọ òróró náà kún ìgò dé ọrùn, kí afẹ́fẹ́ má rí àyè lókè rẹ̀. Ẹ má lo ike tàbí agolo tí òróró àtijọ́ wà nínú rẹ̀ láìfọ̀ ọ́ kó gbẹ, ẹ sì yẹra fún agolo tó dógùn-ún àti ohunkóhun tí wọ́n fi bàbà ṣe. Irin àti bàbà máa ń ti afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí yàrá ìwádìí tó máa wọn peroxide rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń kó jọ sínú òróró bí afẹ́fẹ́ bá ti ń bà á jẹ́, ìwọ̀n tí Codex, àjọ tó ń gbé ìlànà oúnjẹ kalẹ̀ lágbàáyé, ní kò gbọdọ̀ kọjá fún òróró tí a kàn fún tí a ò tún sọ di mímọ́ ni 15, ti iléeṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di mímọ́ ni 10. Ó kéré tán, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.


Àbẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé. Àbọ̀ mi rèé, ẹ̀yin tí ẹ bá mi dá sí i.

Ti tútù, títí di ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò ṣe nǹkan kan. Ó yà mí lẹ́nu. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ keje ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn ọ̀dà yẹn fírífírí. Bọ̀dá ọmọ Rẹ́mọ tó sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn ò ṣìnà, òjò àti oòrùn ló bá mi dá kún ti àkọ́kọ́.

Èyí tí mo yan kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ṣì wà digbí. Màmá mi tọ́ ọ wò láàárọ̀ yìí, ó ní kí n bu díẹ̀ fún òun fi dín ẹja.

Ìkẹta, èyí tó dúdú, kò tíì run bí ọ̀dà, àmọ́ ó korò lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti fún un, kíkorò yẹn ò sì lọ. Òróró tó mú jáde kò ju ti ìkejì lọ rárá, bẹ́ẹ̀ iná tó jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Àwọn oníbàárà méjì tí mo fún tọ́ wò ló dá a padà.

Ọ̀nà tí mo fi mọ ìgbà tó tó nìyí, ẹni tó bá wúlò fún kó mú un: mo máa ń bu hóró mẹ́wàá jáde nínú yanrìn, mo máa ń fi àtàǹpàkò ra á. Bí awọ pupa ara rẹ̀ bá bọ́ láìjà, mo máa là á sí méjì. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi funfun sílẹ̀, kó jọ gàrí Ìjẹ̀bú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná. Bó bá ti jọ gàrí tí wọ́n fi epo sí, ó ti pọ̀ jù. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ti jọ gàrí Ìjẹ̀bú yẹn, mo máa sẹ́ ẹ kúrò nínú yanrìn lójú ẹsẹ̀, mo máa tẹ́ ẹ sórí ẹní kó má bàa máa jinná lọ nínú ara rẹ̀, kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.


ÌyáAládìn_Òdógbólú
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:22 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, o káre. Ti yanrìn nìkan ló kù. Máa yí i padà, má lo ọ̀kan náà títí. Bó bá ti ń fi òróró dán, tó sì ń rùn jíjóná kí ẹ̀pà tó wọ inú rẹ̀, dà á nù.


Àbẹ̀kẹ́_Ṣàgámù
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Màmá. Èyí tí mò ń lò ti lé ní oṣù mẹ́rin. Lọ́la ni màá kó tuntun, kí n fọ̀ ọ́, kí n sì sá a gbẹ. Bọ̀dá ọmọ Rẹ́mọ, mo ti fi ìgò mẹ́rin ti tútù sílẹ̀ fún yín, ọjọ́ tí mo fún un wà lára rẹ̀.